Téèpù Ara Lẹ́ǹsì Bàbá Mi

Bí búlọ́ọ̀kù kan bá ti gun orí èkejì, ayé bàbá mi á dín. Bíríkìlà ń to ògiri lọ sókè nínú ọgbà aládùúgbò wa, bàbá mi ń wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà ń wo bàbá mi. Ọ̀nà oko ló kọ́kọ́ bò mọ́ ọn lójú, lẹ́yìn náà etí odò. Òkè ló kù, òun náà ò ní pẹ́ lọ.

Bàbá Dúró-Síbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ayàwòrán ni, kámẹ́rà ló fi tọ́ wa. Kó tó tẹ̀ ẹ́, á ní, “Dúró síbẹ̀!” Ọmọ tó ń ké á gbé ẹkún mì. Ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dé, tó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì, òun náà wá di ẹni tí wọ́n wí fún pé kó dúró síbẹ̀.

Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo jogún iṣẹ́, èmi náà ni mo jogún ìtọ́jú. Ní ọ̀sán, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, mò ń ya fọ́tò pélébé-pélébé fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Láàárín oníbàárà kan àti èkejì, mo ń sáré wọlé láti yí bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí awọ ara rẹ̀ má baà bó. Mò ń fọ aṣọ ibùsùn, mò ń sá a, mò ń ká a, kí n tó ká a tán òmíràn ti dọ̀tí. Àdúrà àárọ̀ mi ti kúrú títí ó fi ku gbólóhùn kan: Olúwa, ẹ fún mi ní ẹ̀yìn tí màá fi gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ìlú kejì. Ilé rẹ̀ fẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ọkọ rẹ̀ lágbára. Ìgbàkigbà tó bá pè lórí fóònù, ohun kan náà ló ń sọ: “Gbé Bàbá wá. Àgbàlá ṣófo níbí. Àbí o fẹ́ kú sídìí ẹ̀ ni?” Ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ máa wò níbẹ̀?” ó ní. “Ògiri ilé ẹ̀gbọ́n rẹ?”

“Wọ́n ní òdòdó wà lójú fèrèsé yín níbẹ̀, Bàbá.”

“Òdòdó! Ṣé oyin ni mí?”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ikùn. Ó rí i. Ó kọjú sí òkè, ó wá wí pé:

“Àbíkẹ́yìn, ya òkè yìí fún mi. Gbogbo rẹ̀, láti orí àpáta ńlá títí dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí. Má gé ibì kankan. Tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi tó fèrèsé yìí gan-an. Bí mo bá ti rí i gbé dání, ibi tí ẹ bá gbé mi lọ, màá lọ.”

Ẹni tó ti ru ẹrù dé àárín ọ̀nà ló mọ bó ṣe rí létí, kéèyàn gbọ́ “sọ̀ ọ́.” Mo di ọ̀rọ̀ náà mú.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ gbé. Bàbá wo àwòrán náà, ó ní òkè òun ti di òkìtì ikán. Mo wá fi kámẹ́rà mi yà á ní wẹ́wẹ́, mo so wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó rí ibi tí mo ti so wọ́n.

“Ṣé aṣọ ni òkè ni, tí o ń rán an?”

Lẹ́ǹsì tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ojú ènìyàn ló mọ̀ ọ́n wò, kò mọ ayé wò. Lẹ́ǹsì olójú gbígbòòrò tí wọ́n ń tà lóde báyìí sì kọjá agbára mi. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn, tọ́ka sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Àpótí mi ńkọ́? Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

Mo fa àpótí náà jáde. Lẹ́ǹsì mẹ́ta olójú gbígbòòrò ló wà nínú rẹ̀, láti ayé kámẹ́rà onífíìmù. Mo fi aṣọ ìnujú wé wọn, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà.

Dókítà kì í wo ènìyàn o, kámẹ́rà ló ń wò. Ó ní yàrá kan lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òórùn sípíríìtì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Inú ìdérí ìgò ló ń kó àwọn ìdè irin wínníwínní inú kámẹ́rà sí kí wọ́n má baà sọnù.

“Ìyá Fọ́tò! Ta ló kú?” ó ní bó ṣe rí mi.

“Ẹnikẹ́ni ò kú, Dókítà.”

“Ojú ẹ ló ń sọ ọ́.”

“Oorun ló kú.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba lẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú láti ẹ̀yìn. Èkíní, èbu ti hù sí àárín dígí rẹ̀. “Aláǹtakùn ti kọ́lé síbí,” ó ní. “Bó o bá fi èyí ya òkè, kùrukùru lo máa gbé délé.” Ìkejì mọ́ bí omi àárọ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ gùn, yóò wọ inú kámẹ́rà mi jù, yóò fọ́ ohun tó ń ṣí tó ń pa dé níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í sún, kì í nà: bó ṣe fẹ̀ náà ló fẹ̀. Èmi kò sì ní àyè. Ní ojú fèrèsé bàbá mi, o ò lè sún sẹ́yìn nítorí bẹ́ẹ̀dì, o ò lè sún síwájú nítorí irin fèrèsé. Àfi kí lẹ́ǹsì bá ọ sún un.

Ìkẹta ló kù, ìyẹn lẹ́ǹsì gbígbòòrò tó ń sún tó ń nà. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Dókítà wo inú rẹ̀, ó mi orí.

“Dígí rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n abẹ tó ń pa ojú rẹ̀ dé ti mu òróró, kò lè dé mọ́. Gbangba lojú ẹ̀ á wà.”

“Ṣé ó burú ni?”

“Kò burú, àfi pé kò ní bò ọ́ láṣìírí. Lẹ́ǹsì tó bá dijú díẹ̀ a máa bo àṣìṣe. Èyí tó lajú sílẹ̀ báyìí, bí fókọ́ọ̀sì bá fi irun kan yẹ̀, gbogbo ayé á rí i.”

Ó wá òrùka ìsopọ̀ kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, òrùka irin tí ojú rẹ̀ kan bá lẹ́ǹsì àtijọ́ mu, tí ojú kejì bá kámẹ́rà tòde-òní mu. Ó dè é mọ́ ọn, ó dún kọ́. Ìgbà náà ló rí téèpù.

Téèpù dúdú ni, ó ti gbó, ó ti dán, bàbá mi ló fi wé òrùka fókọ́ọ̀sì lẹ́ǹsì náà, èyí tí à ń yí kí àwòrán lè mọ́, kó má lè yí mọ́. Ibi tó dè é mọ́ ni àmì ọ̀nà jíjìn, àmì kan tó dà bí nọ́ńbà mẹ́jọ tó dùbúlẹ̀ sùn. Gbogbo ayàwòrán ló mọ̀ ọ́n: bí òrùka bá wà níbẹ̀, òkè àti ìkùukùu àti ohun gbogbo tó jìn ló yẹ kó mọ́ gaara.

“Jẹ́ ká ṣí téèpù yìí,” Dókítà ní, “ká fi wo òpó ọ̀hún yẹn.”

“Ẹ má ṣí i!” Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. “Bàbá mi ló lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ni. Mo ní ká dán an wò ni.”

“Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, Dókítà. Ìgbà tí ọwọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ló lẹ̀ ẹ́.”

Ó wò mí, ó fi aṣọ nu lẹ́ǹsì náà, ó gbé e fún mi. “Dán an wò kó o tó gbà á gbọ́ o.”

“Mo ti gbọ́.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àkókò àti yí Bàbá ti tó, mo ti ń ronú aṣọ tó wà lórí okùn àti ojú ọ̀run tó ń ṣú. Mo sáré sílé.

Òjò rọ̀ títí di àárọ̀. Ìgbà tó dá, òkè yọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ògiri aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsàlẹ̀ fèrèsé wa. Mo gun àpótí ìjókòó, níbi tí mo ti ṣì ń rí odò tí ògiri ti bò mọ́ Bàbá lójú lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ẹnu lẹ́ǹsì sáàárín irin fèrèsé, mo sún un títí irin náà fi kúrò lójú ìran lọ́tùn-ún lósì. Bàbá ń mí gúlegúle lẹ́yìn mi.

“Ṣé odò wà níbẹ̀?”

“Ó wà, Bàbá.”

“Àpáta ńkọ́?”

“Ó wà pẹ̀lú orí rẹ̀.”

Mo yà á. Mo wò ó lójú dígí kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó dára. Nǹkan tó kéré tó àtẹ́lẹwọ́, ta ni yóò rí àlébù rẹ̀? Mo gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tóbi tó fèrèsé. Ilé ìtẹ̀wé ní iṣẹ́ lọ́wọ́, mo dúró dè wọ́n. Bíríkìlà kò dúró dè mí ní tiwọn. Ọjọ́ tí mo lọ gbé àwòrán náà, ògiri ti kọjá ojú fèrèsé, ojú ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù lókè bí etí aṣọ.

Mo tú u sí iwájú Bàbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Apá ń ro mí, àmọ́ inú mi ń dùn. Mo ti ń ka àwọn aṣọ tí màá dì sínú báàgì rẹ̀ lọ́kàn.

“Ṣé ìrì ń sẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?” ó bi mí.

“Rárá, Bàbá. Òjò ti fọ ojú ọ̀run.”

“Wọ́n ń dáná oko?”

“Wọn ò dáná.”

“Àpáta mi hu irun,” ó ní.

Mo yí àwòrán náà sọ́dọ̀ ara mi. Àpáta hu irun lóòótọ́. Igi tó wà létí odò ti di òwú. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ní etí. Ohun tí àwòrán kékeré pa mọ́, ńlá ti tú u síta.

“Níbo lo gbé òrùka fókọ́ọ̀sì sí?”

“Ibi téèpù yín. N ò fọwọ́ kàn án rárá.”

Bàbá mi wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi agbọ̀n pọnmi wálé. “Ìwọ ọmọ yìí! Kámẹ́rà tèmi ni mo lẹ téèpù yẹn fún. Òrùka ọ̀hún ti dẹ̀, bí mo bá dorí kámẹ́rà kodò, á máa yí fúnra ẹ̀. Ìdí tí mo fi dè é nìyẹn. Ṣé kámẹ́rà tèmi lo fi yà á?”

“Tèmi ni.”

“Òrùka tí Dókítà fi sáàárín, bó bá fi bí èékánná fẹ́lẹ́ ju ọrùn kámẹ́rà mi lọ, lẹ́ǹsì ti wọlé jù. Ojú á fò kọjá ibi tó yẹ kó wò. Mẹ́jọ yẹn ò sùn síbi tó ń sùn tẹ́lẹ̀ mọ́.”

“Bàbá, ọ̀wọ̀ ni mo—”

“Ọ̀wọ̀ ò ríran.”

Ó yí ojú kúrò lára mi. Kò le mọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. “Ká a, gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ, sọ fún un pé mi ò wá mọ́. Bó bá jẹ́ ògiri ni màá wò, ògiri ilé ara mi tó mi í wò.”

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Oníbàárà kan wọlé, mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, “Ìyá Fọ́tò, ẹ̀yin lẹ ń sunkún, èmi lẹ ní kí n má rẹ́rìn-ín.” Mo nujú, mo ya tirẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bó ṣe jáde ni mo pa ilẹ̀kùn dé, mo gba ọgbà aládùúgbò lọ.

Ọ̀gá bíríkìlà wà lórí pákó lókè ògiri, síméńtì ti fún un ní irun àgbà. “Ìyá Fọ́tò! Ẹ wá yà wá ni? Kí n lọ wẹ̀ ná?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gun ibi tí ẹ wà yẹn.”

“Ẹ fẹ́ kí ni? Bí ẹ bá já bọ́, ta ni wọ́n máa mú?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ òkè fún un, mo sọ ti bàbá mi. Bí mo ṣe dé orí orúkọ, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

“Bàbá Dúró-Síbẹ̀? Òun ló ya fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi! Eṣinṣin bà lé bàbá mi nímú, wọ́n ní dúró síbẹ̀, bàbá mi dúró. Eṣinṣin yẹn wà nínú fọ́tò náà dòní. Ìyá mi ní eṣinṣin náà ni ẹlẹ́rìí àwọn.” Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn lébìrà fi yíjú. “Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la, ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi á di àkàsọ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọ̀la nìkan o, tó bá di ọ̀túnla, a ó ká pákó kúrò.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo yí bàbá mi, mo fún un lómi, mi ò sọ ibi tí mò ń lọ. Àkàsọ̀ náà ń mì. Bíríkìlà dì í mú nísàlẹ̀, ó ń pariwo, “Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ dúró síbẹ̀!” bíi pé mo fẹ́ sá lọ.

Mo dé òkè, mo kúnlẹ̀ sórí pákó, mo gbé ojú sókè. Òkè wà níbẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, láti inú fèrèsé, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu bàbá mi ní gbogbo àárọ̀ kó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò rí òkè mọ́, síbẹ̀ ó ń kí i:

“Òkè, a-gba-òjò-má-sá,
A-gba-oòrùn-má-làágùn.
Àgbà tó jókòó tí gbogbo ilé ń dìde kí.
Ìjì jà jà jà, kò rí aṣọ rẹ̀ gbé;
Ilé ń wó, ilé ń dìde, òkè ò bá wọn ṣí.
Ọ̀rẹ́ mi tí kì í gbàbọ̀dè,
Bí n ò rí ọ, o rí mi.”

Mo fi èékánná wá etí téèpù náà. Ó ti lẹ̀ mọ́ irin bí awọ. Mo ní, “Olúwa, ẹ forí jì mí,” bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá, mo fà á. Ó ya, ó fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ ojú àwòrán lójú dígí kámẹ́rà títí àpáta nìkan fi kún un, mo ń yí òrùka díẹ̀díẹ̀, mo ń kúrò lórí mẹ́jọ tó sùn. Irun àpáta ń gbọ̀n dànù. Mo yí i díẹ̀ sí i. Lójijì àpáta là, mo rí ìlà ara rẹ̀, mo rí koríko tó hù nínú ìlà náà, bí ìgbà tí orúkọ tó sọnù padà sẹ́nu. Mo yí i kọjá, ó tún hu irun. Mo dá a padà. Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Mo fi ìka mú òrùka náà pinpin kó má yọ̀.

“Ta ló wà lórí ògiri yẹn?” Bàbá ti rí ẹsẹ̀ mi lókè fèrèsé.

“Èmi ni, Bàbá!”

“Àbíkẹ́yìn? O ya wèrè ni?” Lẹ́yìn náà, ohùn àtijọ́ jáde, èyí tí mo ti gbàgbé pé ó ní: “Má gé odò o!”

“Mi ò gé e!”

“Sún un sẹ́yìn díẹ̀! Fún àpáta láyè lórí!”

“Mo ti fún un!”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀,” bíríkìlà ké látìsàlẹ̀, “ọmọ yín ò ṣeré!”

“Ó dáa,” bàbá mi ní. “Dúró síbẹ̀.”

Mo dúró síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé ò pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo tú u síwájú rẹ̀. Ó wò ó láti òsì dé ọ̀tún, ó tún un wò láti ọ̀tún dé òsì. Mo dúró, apá mi ń ro mí, mi ò rò pé mo lè ru ohun kan mọ́ láyé yìí ju ìwé yẹn lọ.

“Òpó etí ọ̀tún yìí tẹ̀,” ó ní.

“Lẹ́ǹsì yín ló tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò fi etí àwòrán sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ rí.” Ó fi ìka kan tọ́ odò lọ, títí dé ibi tó ti ṣẹ́rí. Ìka náà dúró síbẹ̀. “Ó pé,” ó ní.

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń po síméńtì lóde.

“Pe ẹ̀gbọ́n rẹ,” ó ní. “Sọ fún un pé kó yọ òdòdó rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, mo ń gbé nǹkan bọ̀.”

Mo pè é. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún lórí fóònù, ó ní ọ̀sán ọ̀la ni ọkọ òun ń bọ̀. Èmi ò sunkún, ó ti tán nínú mi. Mo ń ká àwọn aṣọ rẹ̀ sínú báàgì nígbà tí ó tún pè mí.

“Lẹ́ǹsì yẹn dà? Téèpù ẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti ya, Bàbá. Ẹ má bínú.”

“Gé òmíràn wá.”

Mo gé téèpù dúdú, mo gbé lẹ́ǹsì náà lé àyà rẹ̀. Mo yí òrùka sí ibi tí àpáta ti là sí mi lójú. Ibẹ̀ ò dé ibi àmì náà rárá. Mo fi téèpù wé e. Bàbá mi fi àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fi í lọ, ó ń fi í bọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ kó sùn.

“Tìrẹ nìyí,” ó ní. “Kámẹ́rà tìrẹ.”

Aṣọ tó kù láti ká wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí n fi orí ti etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lóde, ọ̀gá bíríkìlà ń pe àwọn lébìrà rẹ̀ pé kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù wá. Oorun ti gbé mi lọ, n ò gbọ́ èsì tí wọ́n fún un.